Ṣé O Mọ̀? Àgbà Tó Ń Gbàgbé àti Ọmọléèwé Tó Jókòó Tì Í

Ṣé o mọ̀ pé iléèwé kan wà ní Cleveland, ní ìpínlẹ̀ Ohio l'Amẹ́ríkà, tó jẹ́ pé àwọn àgbà tí àrùn ìgbàgbé ń bá fínra wà lára àwọn tó ń bá ọmọ kàwé? The Intergenerational School ni wọ́n ń pè é, ọdún 2000 ni wọ́n sì dá a sílẹ̀. Tọkọtaya ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Peter Whitehouse, dókítà ọpọlọ, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún tọ́jú àwọn tí Alzheimer, irú àrùn ìgbàgbé kan, ń ṣe. Catherine ìyàwó rẹ̀ mọ̀ nípa bí ọmọdé ṣe ń kẹ́kọ̀ọ́. Ọkọ mọ aláìsàn, aya mọ ọmọ, wọ́n bá pa méjèèjì pọ̀ sábẹ́ òrùlé kan. Ọmọ á ṣí ìwé, àgbà á sún mọ́ ọn, wọ́n á jọ máa kà á lọ. Bí àgbà bá gbàgbé orúkọ ọmọ, ọmọ á tún un sọ. Bó bá tún gbàgbé, ọmọ á tún un sọ. Àtúnsọ kì í sú ọmọ ọdún méje. Àwa òbí rẹ̀ ló máa ń sú.

Má sì rò pé ọmọ ló wá ṣàánú àgbà níbẹ̀ o. Àgbà gan-an ni wọ́n bẹ̀ wá ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún iléèwé. Olùwádìí kan, Daniel George, kó ènìyàn 15 tí àrùn náà kò tíì ká mọ́lẹ̀ jọ, ó pín wọn sí ọ̀nà méjì. Fún oṣù 5, àwọn kan ń lọ bá àwọn ọmọ ní kíláàsì, àwọn tó kù ń pàdé láàárín ara wọn. Nígbà tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2011, ìdààmú ọkàn àwọn tó lọ bá ọmọ ti dínkù. Ènìyàn 15 kò pọ̀, mi ò sì ní fi wọ́n búra. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti rí bí ojú àgbà ṣe máa ń là nígbà tí ọmọ bá ní "Ẹ jọ̀ọ́, Mà, ẹ bá mi wò ó," kò ní jiyàn púpọ̀.

Ṣé o mọ̀ pé kí iléèwé yẹn tó dé ni wọ́n ti dán irú rẹ̀ wò ní Ohio kan náà? Cameron Camp, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, mú ọ̀nà Montessori tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, ó gbé e fún àwọn àgbà tó ń ṣarán pé kí wọ́n máa fi kọ́ ọmọ kéékèèké. Ọdún 1997 ni ìròyìn iṣẹ́ náà jáde. Ohun tí ìyá àgbà ń fi han ọmọ kò ju bí a ṣe ń da nǹkan láti inú abọ́ kan sí òmíràn, bí a ṣe ń ṣa àwọ̀ tó bára mu, bí a ṣe ń to nǹkan láti orí kékeré dé ńlá. Ẹni tí kò mọ ọjọ́ tí a wà, ọwọ́ rẹ̀ mọ bí a ṣe ń ká aṣọ. Ibi tí ọpọlọ ń kó iṣẹ́ ọwọ́ pamọ́ sí yàtọ̀ sí ibi tó ń kó ìròyìn àná sí, ti àná ló sì kọ́kọ́ máa ń bàjẹ́. Àwọn tí wọ́n máa ń jókòó láìṣe nǹkan kan, tí ojú wọn máa ń wà lókèèrè, bí ọmọ bá ti dé iwájú wọn tí ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀, ojú wọn kì í kúrò lára iṣẹ́ mọ́.

Bó bá jẹ́ nílé tiwa ni, ọpọ́n ayò ni màá gbé jáde. Bàbá tí kò rántí pé òun ti jẹun àárọ̀ ṣì lè mọ ojúlé tí ọmọ ayò rẹ̀ máa parí sí. Kí ọmọ tó bá jókòó tì í múra sílẹ̀ láti di ọ̀pẹ.

Ṣé o mọ̀ pé inú dídùn máa ń pẹ́ nínú ẹni ju ohun tó fà á lọ? Èyí ni mo kà sí ìyanu tó tóbi jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, nítorí náà jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbẹ̀. Ní Yunifásítì Iowa, àwọn olùwádìí fi fíìmù tó ń pani lẹ́kún han ènìyàn 17 tí Alzheimer ń ṣe; lọ́tọ̀, wọ́n tún fi èyí tó ń pani lẹ́rìn-ín hàn wọ́n. Kò pẹ́ tí fíìmù parí tí wọ́n bi wọ́n pé kí ni wọ́n rí. Ohun tí wọ́n rántí kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bi wọ́n pé báwo ni inú wọn ṣe rí, ìbànújẹ́ náà ṣì wà níbẹ̀, ayọ̀ náà ṣì wà níbẹ̀, títí di nǹkan bí ìṣẹ́jú 30. Kódà, bí ohun tí ẹnì kan rántí nínú fíìmù ẹkún bá ṣe kéré tó ni ìbànújẹ́ rẹ̀ ṣe pẹ́ tó. Ọdún 2014 ni wọ́n tẹ ìwádìí náà jáde.

Rò ó wò. Ẹni tó bá mọ ohun tó bà á nínú jẹ́ lè sọ fún ara rẹ̀ pé, "Fíìmù lásán ni." Ẹni tí kò mọ̀ ńkọ́? Inú rẹ̀ á kàn máa bàjẹ́ ni, kò sì ní rí ohun tó máa fi tu ara rẹ̀ nínú. Ìyá àgbà tí ọmọ-ọmọ jágbe mọ́ láàárọ̀, torí pé wọ́n béèrè ìbéèrè kan náà léraléra, lè ti gbàgbé ariwo náà kí omi tó hó lórí iná, síbẹ̀ kí wọ́n fajúro, kí wọ́n má fẹ́ jẹun, kí ará ilé máa ní "Mama tún ti bẹ̀rẹ̀." Ọmọ tó bá wọn ṣeré fún ìdajì wákàtí tó sì lọ ńkọ́? Wọn ò ní rántí pé ẹnì kan wá. Ara wọn á kàn yá ni. Ọmọléèwé tó bá ń ráhùn pé "Kí ni mo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀, wọn ò kúkú ní rántí mi," èsì rẹ̀ rèé.

Ṣé o mọ̀ pé ìbéèrè tí a fẹ́ràn jù láti bi àgbà ló nira jù fún ẹni tó ń gbàgbé? O mọ̀ ọ́n dáadáa: "Mama, ẹ wojú mi, ta ni mí?" Gbogbo àlejò tó wọlé ló ń béèrè rẹ̀. Bí Mama bá dákẹ́, wọ́n á tún tẹ̀ ẹ́ mọ́ wọn lára: "Ẹ gbìyànjú, Mà. Ẹ sọ orúkọ mi ká gbọ́." Ẹni ọdún 82 tún wá ń ṣe WAEC ní pálọ̀ ara rẹ̀. Níbi tí wọ́n bá ti ń kọ́ ọmọléèwé kí wọ́n tó lọ kí àgbà, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń sọ fún wọn ni pé kí wọ́n fi ìdánwò sílẹ̀. Gba iwájú wọlé, má ṣe ti ẹ̀yìn fọwọ́ kàn wọ́n. Bí o bá ti kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀ tán, sún mọ́ ibi tí ojú wọn ti máa rí ojú rẹ, kí o sì sọ ẹni tí o jẹ́: "Ẹ kúulé, Mà. Èmi Bọ́lá ni, ọmọ Adébọ̀ yín." Ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀kan, kí o dúró kí wọ́n fèsì. Bí wọ́n bá ní ìyá àwọn ń retí àwọn nílé, ìyá tó ti kú láti ọdún gbọọrọ, má jẹ́ kó jẹ́ ìwọ ló máa tún túfọ̀ fún wọn lónìí. Béèrè irú ọbẹ̀ tí ìyá náà máa ń sè. Jókòó, kí o gbọ́.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn ọmọléèwé kan wà ní Japan tí wọ́n ń kọ́ bí a ṣe ń bá àgbà tó ṣìnà sọ̀rọ̀ lójú pópó? Ní Ōmuta, ní agbègbè Fukuoka, níbi tí wọ́n ti ń wa èédú títí di 1997, àwọn arúgbó pọ̀ gan-an. Láti 2004 ni wọ́n ti ń ṣe ìdánrawò kan níbẹ̀. Ẹnì kan á ṣe bí àgbà tó sọnù, á máa rìn kiri ìlú. Ìkéde á lọ sọ́dọ̀ ará ìlú, wọ́n á sọ bí ẹni náà ṣe rí. Ẹni tó bá rí i kò ní sáré dì í mú. Á kí i, á bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, á béèrè ibi tó ń lọ. Àtọmọdé àtàgbà ló ń bá wọn ṣe é. Wọ́n tún ní ìwé àwòrán tí wọ́n fi ń ṣàlàyé àrùn náà fún àwọn ọmọ ní kíláàsì. Káàkiri orílẹ̀-èdè náà, láti 2005, ẹni tó bá jókòó gba ẹ̀kọ́ bí ìṣẹ́jú 90 ti di alátìlẹ́yìn, ẹ̀gbà ọwọ́ aláwọ̀ ọsàn ni wọ́n sì fi dá wọn mọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn tó ti gba ẹ̀kọ́ náà lé ní mílíọ̀nù 10, ọmọléèwé sì wà nínú wọn. Ọ̀dọ̀ Japan ni Britain ti kọ́ tiẹ̀, Dementia Friends, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2013.

Ládùúgbò wa ńkọ́? Ìyá arúgbó tó jáde ní ìdájí, tó ṣìnà, tó jókòó sẹ́yìnkùlé onílé, tó ń sọ ọ̀rọ̀ tí kò lórí tí kò nídìí: mélòó nínú wọn la ti pè ní àjẹ́ tó já bọ́? Ọmọdé sì máa ń wà nínú àwọn tó ń hó lé wọn. Mo gbà pé ọmọ tó bá ti gbọ́ ọ ní kíláàsì pé àìsàn ọpọlọ lèyí lè jẹ́ ẹni tó máa sáré lọ pe bàbá rẹ̀. Ìdajì wákàtí ni ẹ̀kọ́ náà máa gbà, kò sì ní ná ìjọba ní kọ́bọ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ẹni tí kò rántí nǹkan kan ṣì lè ṣe iṣẹ́ ọnà tí wọ́n máa gbé kọ́ ògiri? Ní Yunifásítì Miami (kò sí ní ìlú Miami rárá, Oxford, ní Ohio lẹ́ẹ̀kan sí i, ló wà), Elizabeth Lokon dá ètò kan sílẹ̀ ní 2007, Opening Minds through Art. Akẹ́kọ̀ọ́ kan, àgbà kan. Wọn kì í ya ilé tàbí igi, torí ilé àti igi ní èyí tó jọ ọ́ àti èyí tí kò jọ ọ́. Àwọ̀ lásán ni wọ́n ń fi sórí bébà, kò síbi tí àṣìṣe fẹ́ gbà wọlé. Iṣẹ́ tó le jù fún akẹ́kọ̀ọ́ ni kó kó ọwọ́ rẹ̀ ró. Àgbà ló máa yan àwọ̀, àgbà ló máa di búrọ́ọ̀ṣì mú. Bó bá sì wo pupa, tó wo búlúù, tó tún padà wo pupa, akẹ́kọ̀ọ́ á dúró dè é. Tó bá parí, àgbà á sọ iṣẹ́ rẹ̀ lórúkọ, wọ́n á wá pàtẹ gbogbo rẹ̀ kí ẹbí àti ará wá wò. Ọmọ tó ti rò pé ìyá òun kò lè dá nǹkan kan ṣe mọ́ á rí orúkọ ìyá rẹ̀ lábẹ́ àwòrán. Àwọn olùwádìí tí wọ́n bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà sọ̀rọ̀ rí i pé ojú tí wọ́n fi ń wo àgbà tó ń ṣarán yí sí rere.

Ti ìtàn sísọ náà wà. Anne Basting ní Milwaukee, tó gba ẹ̀bùn MacArthur ní 2016, máa ń fi àwòrán tó ṣàjèjì síwájú àwọn àgbà, á ní: kí la máa pe ẹni yìí, níbo ló ń lọ? Gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ ni wọ́n ń kọ sílẹ̀, ìbáà jẹ́ orin, ìbáà jẹ́ ariwo, wọ́n á sì kà á padà sí wọn létí. TimeSlips ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ tó ti ń gbọ́ àlọ́ kò ní rí i bí iṣẹ́. Nínú àlọ́, ìjàpá ń lọ sọ́jà, ó ń jẹ gbèsè, ó ń lọ bá babaláwo. Ta ló wá fẹ́ bá Bàbá jiyàn bí wọ́n bá ní ó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Kánò?

Ṣé o mọ̀ pé orin wà lára ohun tó ń kẹ́yìn lọ? Ní 2015, àwọn olùwádìí ilé ìwádìí Max Planck ní Leipzig, lórílẹ̀-èdè Jámánì, fi hàn pé apá ọpọlọ tó ń tọ́jú orin tí a ti mọ̀ tipẹ́ wà lára àwọn tí Alzheimer ń bà jẹ́ kẹ́yìn. Ìyẹn ni ìyá tí kò lè pe orúkọ ọmọ bíbí inú rẹ̀ ṣe lè kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì láti ẹsẹ kìíní dé ìkẹrin láìwo ìwé. Àwọn Yorùbá tún ní ohun tí àwọn ará Leipzig kò wádìí: oríkì. Àwọn ìyá wa ti fi oríkì dá ìkúnlẹ̀ ọmọ lóhùn ní àràárọ̀ fún bí ọgọ́ta ọdún, ẹnu wọn mọ ọ̀nà. Ọmọ tó bá fẹ́ dán an wò, kó kúnlẹ̀ bó ṣe yẹ ní kùtùkùtù, kó má jẹ́ "Good morning, Grandma" láti orí àga. Ó ṣeé ṣe kí "Àjọkẹ́" bọ́ lẹ́nu wọn kí wọ́n tó mọ ẹni tó ń kí wọn.

Fún àwọn àgbà wa tó wà ní London tàbí Houston, ọ̀rọ̀ àrùn ìgbàgbé máa ń le sí i. Ẹni tó dàgbà kó tó kọ́ Gẹ̀ẹ́sì lè pàdánù Gẹ̀ẹ́sì náà bí àrùn ìgbàgbé ṣe ń jinlẹ̀, kó wá ku èdè tó gbọ́ lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Nọ́ọ̀sì á máa wò, Mama á máa pariwo, wọ́n á kọ ọ́ sínú fáìlì pé inú ń bí i. Ohun tí Mama ń sọ kò ju pé ìtọ̀ ń gbọ̀n wọ́n. Ọmọ-ọmọ tí wọ́n ń fipá mú lọ sí kíláàsì Yorùbá lọ́jọ́ Sátidé wá di ẹni pàtàkì lọ́sàn-án ọjọ́ kan, torí òun nìkan ló gbọ́ ohun tí Mama wí.

Ṣé o mọ̀ pé Ìbàdàn wà lára àwọn ìlú tí àwọn onímọ̀ ń tọ́ka sí tí ọ̀rọ̀ àrùn ìgbàgbé bá délẹ̀? Ọdún 1992 ni àwọn dókítà Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Yunifásítì Indiana bẹ̀rẹ̀ sí í jọ tọpa àwọn tó ti tó ọdún 65 sókè: àwọn Yorùbá ní Ìdíkàn, àdúgbò kan n'Ìbàdàn, àti àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ní Indianapolis. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣúntókun wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kó tó ṣaláìsí ní 1995, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéṣọlá Ògúnníyì bá iṣẹ́ náà lọ, Hugh Hendrie sì ni tọ̀hún. Àbájáde tó jáde ní 2001 ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu. Nínú àgbà 2,459 n'Ìbàdàn àti 2,147 ní Indianapolis, iye tí àrùn náà ń mú lọ́dún jẹ́ 1.35 nínú ọgọ́rùn-ún níbí, 3.24 lọ́hùn-ún. Ẹ̀yà ara ìran tí wọ́n ń pè ní APOE e4, tó ń kó àwọn ará Amẹ́ríkà sí wàhálà, kò fi bẹ́ẹ̀ ran àwọn ará Ìbàdàn.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ náà ni bí wọ́n ṣe ṣe é. Púpọ̀ nínú àwọn àgbà Ìdíkàn kò jókòó ní kíláàsì rí, nítorí náà wọn ò lè fi ìwé kíkọ dán wọn wò. Ìbéèrè tí wọ́n lò, àárín àwọn ẹ̀yà Cree ní Canada ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣètò rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ sì jẹ́ ti ará ilé: ṣé Bàbá máa ń ṣìnà ládùúgbò? Ṣé ìṣe wọn ti yí padà? Ẹbí ni ẹlẹ́rìí. Kò sí bí ẹlẹ́rìí ṣe máa jẹ́rìí bí kì í bá gbé nítòsí, àgbà tó wà n'Ìbàdàn tí gbogbo ọmọ-ọmọ rẹ̀ wà lórí WhatsApp kò sì lẹ́lẹ́rìí. Mo mọ̀ pé àwa Yorùbá fẹ́ràn láti máa sọ pé a kì í gbé àgbà lọ sílé ìtọ́jú. Òótọ́ ni. À ń fi wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọ ọ̀dọ̀.

Àwọn ẹlòmíràn ń fi owó ra ohun tí agboolé ń fún wa lọ́fẹ̀ẹ́ tẹ́lẹ̀. Ní Deventer, ní Netherlands, ilé ìtọ́jú Humanitas ń fún akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní yàrá láìgba owó ilé, kí wọ́n ṣáà fi wákàtí 30 lóṣù ṣe aládùúgbò rere fún àwọn arúgbó. Ní Tokyo, Kotoen ti da ilé àgbà pọ̀ mọ́ jẹ́lé-ó-sinmi láti 1976. Ọmọ tí wọ́n ń fi sọ́dọ̀ ìyá àgbà nígbà kan rí ti ṣe iṣẹ́ yìí tán kí wọ́n tó fún un lórúkọ.

Ṣé o mọ̀ pé kíláàsì ọmọdé lè yí ọpọlọ àgbà padà débi tí ẹ̀rọ á rí i? Ní Baltimore, ètò Experience Corps kó àwọn tó ti tó ọdún 60 sókè lọ sí iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó kéré tán wákàtí 15 lọ́sẹ̀, kí wọ́n máa ran ọmọ lọ́wọ́ nínú ìwé kíkà. Àwọn wọ̀nyí kò tíì ṣàìsàn o. Ìdènà ni wọ́n ń wá. Àwọn olùwádìí Yunifásítì Johns Hopkins ya fọ́tò ọpọlọ wọn. Lẹ́yìn ọdún 2, apá tó ń tọ́jú ìrántí, tó máa ń súnkì bí ènìyàn ṣe ń dàgbà, ti fẹ̀ díẹ̀ lára àwọn ọkùnrin tó lọ sí kíláàsì, ó sì súnkì lára àwọn ọkùnrin tó jókòó sílé. Ti àwọn obìnrin kò hàn tó bẹ́ẹ̀. Mo fura sí ìdí rẹ̀: obìnrin kì í fẹ̀yìn tì. Ìyá tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ ìjọba ti wà lọ́dọ̀ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ó ń gbé ọmọ pọ̀n, ó ń bá ọmọ ẹnu-ọ̀nà jà, ó ń kọ́ ọmọ-ọmọ ní ABD. Bàbá ló wà lójú fèrèsé tó ń ka ọkọ̀. Bí tìẹ bá wà níbẹ̀, lọ bá ọ̀gá iléèwé tó wà nítòsí lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kí o béèrè bóyá wọ́n ń wá ẹni tó máa bá ọmọ pírámárì 2 kàwé, kí o sì sọ fún Bàbá pé àwọn ni wọ́n ń bẹ̀.